Lílé Ẹ̀fọn Lọ́nà Àdánidá: Àwọn Ìbéèrè Tí Ó Ń Wáyé Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Kí ló dé tí ẹ̀fọn fi ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn?

Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Omi dídùn inú òdòdó àti oje ewéko ni oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀fọn, akọ àti abo, ṣùgbọ́n abo nílò èròjà kan tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹyin inú rẹ̀ tó lè gbó. Bí ó bá ti mu àmuyó, yóò sinmi sí ibi òkùnkùn fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yóò wá omi tí yóò yé ẹyin sí, lẹ́yìn náà ni yóò tún padà wá ẹ̀jẹ̀ mìíràn.

Ìpadàwá yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di ewu. Ẹ̀fọn tí ó mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà wà lára rẹ̀ lónìí lè kó o ran ẹlòmíràn lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí kòkòrò àìrí náà bá ti dàgbà tán nínú rẹ̀. Ní ọdún 1897 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní orílẹ̀-èdè Índíà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà ní 1902. Kí ó tó di ìgbà náà, afẹ́fẹ́ burúkú inú irà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń fa ibà.

Ṣé gbogbo ẹ̀fọn ni ó ń fa ibà?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oríṣi ẹ̀fọn tí ó wà láyé tó 3,500, díẹ̀ nínú wọn ni ó sì ń gbé àrùn kiri. Ìdílé mẹ́ta ni ó yẹ kí ènìyàn dá mọ̀, nítorí pé bí a ṣe ń dènà ọ̀kan kọ́ ni a ṣe ń dènà èkejì.

Anopheles ni ó ń gbé ibà. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ni ó ń jẹ, bí ó bá sì bà sára ògiri, ìdí rẹ̀ máa ń ga sókè bí ẹni tí ó dorí kodò. Aedes jẹ́ dúdú, ó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ni ó ń jẹ, òun ni ó sì ń gbé ibà pọ́njú, ibà dẹ́ńgè, Zika àti chikungunya. Culex ni èyí tí ó sábà máa ń kùn létí ẹni lóru. Ó wà lára àwọn tí ń gbé kòkòrò tí ó ń fa jàbùtẹ́. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí i nínú àwọn ìdáhùn tí ó wà nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀fọn fi ń jẹ ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ nínú yàrá kan náà?

Èémí ni ẹ̀fọn kọ́kọ́ ń tọ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì tí a ń mí síta máa ń sọ fún un láti òkèèrè pé ẹlẹ́jẹ̀ wà nítòsí. Bí ó bá ti sún mọ́ ọn, ooru ara, òógùn àti òórùn tí àwọn kòkòrò àìrí orí awọ ara ń mú jáde ni yóò darí rẹ̀ dé ibi tí yóò bà sí. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó sanra, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tàbí ṣiṣẹ́ agbára tán, àti aboyún fi sábà máa ń jìyà jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Gáḿbíà fi hàn pé ẹ̀fọn ibà tí ó ń tọ aboyún lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ó ń tọ obìnrin tí kò lóyún.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan dùn ju ti ẹlòmíràn lọ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀fọn tó tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò ni ó ti yan ẹni tí yóò jẹ.

Kí ni a ń pè ní ọ̀nà àdánidá?

Gbogbo ohun tí a lè ṣe láìfi oògùn apakòkòrò ti ilé iṣẹ́ sí i ni: dída omi nù, dídí ojú fèrèsé, fífi aṣọ bo ara, afẹ́fẹ́, ẹja, ewé, àti òróró tí a fún láti ara ewé. Ewé nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú, ohun tí yóò dá ẹ̀fọn dúró kí ó má baà kan ara ni ó tẹ̀ lé e, ewé ni ó ṣe ìkẹta. Ẹni tí ó fi ewé ṣáájú tí kò sì da omi nù ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi ni.

Níbo ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi dúró sí. Ẹ̀fọn kò lè pọ̀ sí i láìsí omi: inú rẹ̀ ni ẹyin ti ń pa, inú rẹ̀ ni tanwíji ti ń dàgbà, ibẹ̀ náà ni ó ti ń di ẹ̀fọn tí ó ní ìyẹ́. Níbi tí ojú ọjọ́ bá móoru, gbogbo ìrìn àjò yìí kì í ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ. Bí a bá ń da omi tí ó dúró nù lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tanwíji yóò kú kí ó tó yọ ìyẹ́. Ẹ mú ọjọ́ kan pàtó, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó yẹ̀.

Ẹ wo abẹ́ ìkòkò òdòdó, inú táyà tí a ti pa tì, agolo, ike, ọmọrí ìgò, ọ̀rá tí ó ká wọnú ara rẹ̀, ihò ara igi, ojú òrùlé tí ó tẹ́jú, ọ̀pá tí ń gbé omi òjò wálẹ̀, abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù àti ọpọ́n tí àwọn ẹran ọ̀sìn fi ń mumi. Omi inú ọmọrí ìgò lásán tó Aedes í bímọ sí. Omi tí a fẹ́ lò, ẹ dé e pinpin. Bí ìdérí kò bá bá a mu, ẹ ta aṣọ tí ojú rẹ̀ há lé e, kí ẹ sì fi okùn dì í yí ẹnu rẹ̀ ká.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ó sì ṣe pàtàkì. Ara ògiri garawa tàbí ìkòkò, díẹ̀ sókè ojú omi, ni Aedes máa ń lẹ ẹyin tirẹ̀ mọ́, ẹyin náà sì lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, kí ó wá pa lọ́jọ́ tí omi bá tún kàn án. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó. Ẹ fi kànìnkànìn tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ inú ohun èlò náà dáadáa kí ẹ tó tún bu omi sí i.

Mo ti gé koríko, mo sì ti kó gọ́tà. Kí ló dé tí ẹ̀fọn kò fi lọ?

Inú koríko kọ́ ni ẹ̀fọn ti ń bímọ. Ibi ìsinmi ni igbó jẹ́ fún un ní ọ̀sán, nítorí pé ibẹ̀ tutù, ó sì ṣókùnkùn. Gígé koríko dára, ó ń dín ibi ìfarapamọ́ kù, ṣùgbọ́n kò dí ẹ̀fọn lọ́wọ́ bíbí.

Ti gọ́tà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Culex ni ó fẹ́ràn omi ìdọ̀tí, òun ni ó sì máa ń kún gọ́tà àti ihò ìgbọ̀nsẹ̀. Anopheles tí ń gbé ibà sábà máa ń fẹ́ omi tí ó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń kàn: kòtò òjò, ojú ẹsẹ̀ màlúù tí omi kún, etí odò tí kò ṣàn, oko ìrẹsì. Aedes ní tirẹ̀, inú ohun èlò àyíká ilé ni ó fẹ́. Ẹni tí ó kó gọ́tà rẹ̀ mọ́ lè mú kí ariwo ẹ̀fọn lóru rọlẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kí ẹ̀fọn ibà máa bímọ nínú kòtò tí ó wà lójú ọ̀nà. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò, kí ẹ sì la ojú ọ̀nà fún omi tí kò ríbi gbà.

Omi tí n kò lè dà nù, tí n kò sì lè dé ńkọ́?

Bí ó bá jẹ́ adágún tàbí kànga ọ̀ṣọ́, ẹja ni olùrànlọ́wọ́ tí ó dára jù. Ẹja tilápíà kéékèèké àti ẹja gọ́pì máa ń jẹ tanwíji dáadáa. Inú omi tí ó dá dúró lágbàlá nìkan ni kí ẹ kó wọn sí. Gambusia, ẹja tí wọ́n kó lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè nítorí ẹ̀fọn, ti ba odò púpọ̀ jẹ́, nítorí pé ó ń jẹ ẹyin àwọn ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ tí ó bá níbẹ̀.

Èkejì ni Bti, kòkòrò àìrí kan tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ní 1976. Bí tanwíji bá gbé e mì, ikùn rẹ̀ yóò bàjẹ́, yóò sì kú. Kì í ṣe ènìyàn, ẹja tàbí oyin ní ibi. Wọ́n ń tà á ní ìyẹ̀fun àti ní hóró, a sì ní láti máa tún un fi sí i bí ìwé ara rẹ̀ bá ṣe wí. Nínú gbogbo ohun tí mo mẹ́nu bà lójú ìwé yìí, òun ni mo rò pé àwọn ènìyàn kò tíì mọ̀ tó bí ó ṣe yẹ.

Dída epo kẹrosíìnì tàbí epo ẹ́ńjìnnì sójú omi máa ń pa tanwíji lóòótọ́, nítorí pé kò ní lè mí. Ṣùgbọ́n ó ń ba omi àti ilẹ̀ jẹ́, ó sì ń pa àwọn ẹ̀dá tí ìbá bá wa jẹ tanwíji. Ẹ má ṣe é.

Àwọn ewé wo ni ó ń lé ẹ̀fọn ní tòótọ́?

Ẹfínrín, koríko ọba, dóńgóyárò, ewé yukalíptọ́ọ̀sì olóòórùn ọsàn, àti lantana, igi kékeré olódòdó kan, wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí i pé òórùn tàbí òróró wọn ń dá ẹ̀fọn padà fún ìgbà díẹ̀. Ìbátan koríko ọba ni koríko tí wọ́n ti ń fún òróró sitironẹ́là.

Òórùn àwọn ewé wọ̀nyí máa ń da ẹ̀fọn lójú rú, tí kò fi ní mọ ibi tí òórùn ara ènìyàn gbé wà. Kì í pa á. Ẹ̀fọn tí ó dá padà lára ẹni tí ó fi ewé para lè yí sí ẹni tí ó jókòó tì í, èyí sì jẹ́ ohun tí ìdílé gbọ́dọ̀ rò: bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí gbogbo ilé lò ó pọ̀.

Ṣé bí mo bá gbin ewé wọ̀nyí síwájú ilé, ẹ̀fọn kò ní wọlé?

Yóò wọlé. Ewé tí ó dúró jẹ́ẹ́ kì í tú òórùn sílẹ̀ púpọ̀. Ìgbà tí a bá rún un, tí a bá fọwọ́ pa á tàbí tí ooru bá mú un ni òróró inú rẹ̀ ń jáde. Ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, wọ́n gbé àwọn ewé kan bí ẹfínrín àti lantana sínú ìkòkò sí ilé tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, iye ẹ̀fọn tí ó wọlé sì dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn méjì nínú mẹ́ta ṣì wọlé. Ẹ gbìn ín bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ abẹ́ ìkòkò rẹ̀ kí omi má baà dúró síbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa po òróró ewé tí n óò fi para?

Ògidì òróró ewé lágbára gan-an, ẹ má ṣe dà á sára láìpò ó. Òróró àgbọn tàbí òróró mìíràn tí kò ní òórùn líle ni kí ẹ fi là á. Fún òróró àgbọn tí ó tó mìlílítà 30, ẹ̀kán ògidì òróró ewé 12 ti tó. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbàlagbà tí awọ ara rẹ̀ le lè lò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má kọjá ìlọ́po méjì.

Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú ìgúnpá, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 24. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tí ó yún tàbí tí ó lé ròrò, kì í ṣe ti yín nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ojú, ẹnu tàbí ojú egbò. Inú ìgò tí ó dúdú ni kí ẹ rọ ọ́ sí, ní ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó.

Àwọn kan máa ń da òróró ewé sínú omi, wọn a sì máa fọ́n ọn sára. Omi àti òróró kì í pò pọ̀: òróró yóò léfòó, ẹ óò fọ́n omi lásán sára ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì fọ́n ògidì òróró sára ní ìparí.

Wákàtí mélòó ni ó máa ń wà lára?

Kì í pẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ èyí ju ohunkóhun mìíràn lọ nípa ewé. Ohun tí ó mú kí òróró wọ̀nyí ní òórùn náà ni ó mú kí wọ́n tètè fẹ́ lọ. Òróró sitironẹ́là kì í sábà ju wákàtí méjì lọ, ó sì lè má tó wákàtí kan bí ènìyàn bá ń làágùn. Ewé tí a kàn rún tí a fi pa ara kì í pẹ́ tó ìyẹn. Ẹni tí ó para ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí ó sùn lọ kò ní ààbò kankan mọ́ nígbà tí ó bá di ọ̀gànjọ́, ọ̀gànjọ́ sí ìdájí gan-an sì ni Anopheles ń jẹ jù. Ìpara ewé dára fún ìjókòó ìrọ̀lẹ́. Kò ṣeé gbé oorun lé.

Wọ́n ní òróró yukalíptọ́ọ̀sì kan wà tí ó ń pẹ́. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni?

Rárá, àṣìṣe sì pọ̀ níbi yìí. Igi yukalíptọ́ọ̀sì olóòórùn ọsàn tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Corymbia citriodora ni ó ní èròjà tí wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí títí tí yóò fi di PMD, èròjà tí ń lé ẹ̀fọn. Ìpara tí PMD pọ̀ nínú rẹ̀ lè dáàbò boni fún bíi wákàtí mẹ́fà, ó sì wà lára ìwọ̀nba ohun tí ó ti ara ewé wá tí CDC, àjọ tí ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí. Ògidì òróró yukalíptọ́ọ̀sì tí a ń fà símú nígbà òtútù kì í ṣe òun, PMD inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ wo ara ìgò: bí ẹ kò bá rí lẹ́tà mẹ́ta náà, PMD, ẹ má ṣe retí wákàtí mẹ́fà. A kì í fi í pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Ṣé èéfín ewé ń lé ẹ̀fọn?

Ó ń lé e. Èéfín ń bo òórùn ara àti èémí mọ́lẹ̀, bí ewé náà bá sì jẹ́ ẹfínrín, dóńgóyárò tàbí èèpo ọsàn gbígbẹ, òróró inú rẹ̀ yóò kún un lọ́wọ́. Àgbàlá gbangba ni mo lè fọwọ́ sí i, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ, bọ̀.

Inú yàrá kọ́. Èéfín tí ó ń da ẹ̀fọn láàmú kò mọ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn yàtọ̀, ewé ìbáà jẹ́ ti ìṣẹ̀dá tó báwo. Ó ń ṣe àwọn ọmọ ọwọ́, arúgbó àti ẹni tí ó ní ikọ́ fée ní ibi tí ó pọ̀. Ti kọ́ìlì ẹ̀fọn náà kò yàtọ̀: àwọn onímọ̀ tí wọ́n wọn èéfín rẹ̀ rí i pé ẹyọ kan tí ó jó tán ń tú eruku kíkúnná tí ó tó ti sìgá 75 sí 137 sínú afẹ́fẹ́.

Ǹjẹ́ fáànù wúlò?

Ó wúlò gan-an, a kàn ń fojú kéré rẹ̀ ni. Ẹ̀fọn kò lágbára láti fò la afẹ́fẹ́ líle kọjá, fáànù sì tún ń tú èémí àti òórùn ara wa ká tí kò fi ní rí ipa tí yóò tọ̀. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí ẹsẹ̀ wà, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn máa ń fò sí. Ìgbà tí iná bá lọ ni ìṣòro rẹ̀.

Irú aṣọ wo ni kí n wọ̀?

Aṣọ gígùn tí kò fún mọ́ ara, tí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Àwọ̀ dúdú àti pupa máa ń pe ẹ̀fọn, aṣọ tí ó lẹ̀ mọ́ ara pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kì í sì í dá ẹnu rẹ̀ dúró.

Bí mo bá jẹ aáyù tàbí tí mo lo fítámì B1, ṣé ẹ̀fọn yóò sá fún mi?

Kò ní sá. Wọ́n ti fún àwọn ènìyàn ní aáyù jẹ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fún wọn ní ohun tí ó jọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn láìsọ èwo ni èwo, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ nínú iye ẹ̀fọn tí ó jẹ wọ́n. Ti fítámì B1 náà ni wọ́n ti dán wò léraléra láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn láìrí èrè. Kò sí ohun tí a lè jẹ tàbí mu tí ó ti hàn gbangba pé ó ń lé ẹ̀fọn.

Wọ́n ní kí n gún kànáfùrù mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, kí n sì fi oje ọsàn wẹ́wẹ́ para. Ṣé ó dára?

Kànáfùrù tí a gún mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè ṣọ́ odindi yàrá. Òórùn rẹ̀ kò jìnnà. Òróró kànáfùrù gan-an lágbára láti dá ẹ̀fọn padà, ṣùgbọ́n ó máa ń ta awọ ara, èyí tí kò bá tó ẹ̀kán mẹ́ta nínú mìlílítà 30 òróró àgbọn ni kí ẹ lò.

Oje ọsàn wẹ́wẹ́ lára jẹ́ ohun tí mo lòdì sí pátápátá. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí oòrùn bá pa á lára, awọ ara yóò jó, yóò lé ròrò, àpá dúdú rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ẹni tí ó bá ti fi para kí ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò kí ó tó jáde sínú oòrùn.

Ṣé mo lè fi káfúrà sínú yàrá?

Ohun méjì ni wọ́n ń pè ní káfúrà. Ọ̀kan ni èyí tí ó ti ara igi wá. Èkejì ni hóró funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ, naftalíìnì sì ni ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn. Èkínní lè fa gìrì bí ọmọdé bá gbé e mì, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó láti ṣe é. Èkejì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn kò ní G6PD, èròjà tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tó, pàápàá ìkókó, àní bí wọ́n bá kàn ń fa òórùn rẹ̀ símú láti ara aṣọ. Ọmọ lè ní àbùkù yìí láìjẹ́ pé àwọn òbí mọ̀. Àǹfààní tí káfúrà ń ṣe lórí ẹ̀fọn kò tó ewu rẹ̀.

Ohun èlò tàbí áàpù fóònù tí ó ń mú ohùn tí a kò lè gbọ́ jáde ńkọ́?

Kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti dán an wò níta gbangba lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀fọn kò sì ka ohùn náà sí.

Ṣé àdán, ọmọńlé àti lámilámi lè bá mi jẹ ẹ̀fọn tán?

Wọ́n ń jẹ ẹ, wọn kò lè jẹ ẹ́ tán. Kòkòrò tí ó tóbi jù ú lọ ni àdán máa ń fẹ́ jù. Lámilámi ni mo kà sí jù nínú wọn, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń gbé inú omi, ó sì ń jẹ tanwíji níbẹ̀. Ẹ má lé ọmọńlé àti alántakùn kúrò nílé nítorí ìrísí wọn. Iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún yín lóru.

Kí ni mo lè lò fún ọmọ ọwọ́ àti aboyún?

Àwọ̀n. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, a kì í fi ohunkóhun tí ń lé ẹ̀fọn pa á lára, ti ewé tàbí ti kẹ́míkà. Ẹ fi àwọ̀n bo ibùsùn rẹ̀ àti ọkọ̀ tí a fi ń tì í kiri, kí ẹ sì wọ aṣọ tí ó bo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún un. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, ẹ má pa á ní àtẹ́lẹwọ́, nítorí pé ẹnu ni yóò kì í bọ̀.

Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní òróró dóńgóyárò mu lọ́nàkọnà. Ó ti fa gìrì àti àìsàn líle fún àwọn ìkókó. Aboyún náà kò gbọ́dọ̀ mu ún, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ kí ó tó máa fi ògidì òróró ewé èyíkéyìí para lójoojúmọ́. Ibà nínú oyún lè ṣekú pa ìyá àti ọmọ, nítorí náà kì í ṣe àsìkò tí a ń dán ewé wò nìyẹn.

Àwọ̀n wà lórí ibùsùn mi. Kí ló dé tí ẹ̀fọn ṣì ń jẹ mí?

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fà á. Àwọ̀n lè má wọ abẹ́ tìmùtìmù, kí ẹ̀fọn gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ó lè ya: ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i. Ó sì lè jẹ́ pé ara yín fara ti àwọ̀n nígbà tí ẹ bá sùn, ẹ̀fọn a sì jẹ yín láti òde gba ojú ihò rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀sán ni ó ń jẹ yín, Aedes ni, àwọ̀n òru kò sì lè bá yín mú un. Ẹ padà sí ìdáhùn tí ó sọ nípa omi, kí ẹ sì ta àwọ̀n sójú fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Ṣé ọ̀nà àdánidá nìkan tó láti dènà ibà?

Níbi tí ibà bá wọ́pọ̀, kò tó, n kò sì ní fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ṣeré nípa sísọ pé ó tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, ènìyàn mílíọ̀nù 263 ni ibà ṣe kárí ayé, 597,000 sì kú, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọ̀n tí a ti fi oògùn apakòkòrò sí ni ó tíì gba ẹ̀mí là jù nínú gbogbo ohun tí a mọ̀. Ẹ lò ó, kí ẹ sì fi ọ̀nà àdánidá tì í lẹ́yìn.

Ẹni tí ó ń lọ sí ibi tí àjàkálẹ̀ dẹ́ńgè tàbí ibà pọ́njú wà kí ó wá ìpara tí ó ní DEET, kẹ́míkà kan tí ń lé ẹ̀fọn, èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń lò láti 1946, tàbí èyí tí ó ní PMD. Òdòdó pyrethrum pàápàá, tí wọ́n ń gbẹ tí wọ́n sì ń lọ̀ láti fi pa ẹ̀fọn, ti ìṣẹ̀dá ni, síbẹ̀ ó ń pa ẹja. Kì í ṣe ibi tí nǹkan ti wá ni a fi ń mọ̀ bóyá ó le tàbí ó rọ̀.

Ẹ̀fọn ti jẹ mí, ara mi sì ti ń gbóná. Ewé wo ni kí n lò?

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná. Ewé tí ń lé ẹ̀fọn kì í ṣe oògùn ibà, ara gbígbóná sì lè jẹ́ ibà, dẹ́ńgè, tàbí àìsàn mìíràn tí ìtọ́jú wọn kò jọra. Bí ọmọdé bá ń bì, tí kò lè jẹun, tí gìrì mú un, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní òru ọjọ́ náà gan-an, láìdúró de ilẹ̀ mímọ́.